Lọ́fíńdà Olóòórùn Ọsàn fún Ọkùnrin Tó Ń Ṣeré Ìmárale: Bí Ẹ Ó Ṣe Yàn Án, Bí Ẹ Ó Ṣe Lò Ó

Ọkùnrin tó ń sáré láàárọ̀ kùtù, tó ń gbá mọ́ńkí pósì lọ́jọ́ Sátidé, tàbí tó ń lọ gbé irin ní jíìmù lẹ́yìn iṣẹ́, nílò lọ́fíńdà tí kò ní bá oòrùn ilẹ̀ wa jà. Èyí tí wọ́n fi ọsàn ṣe ló bá a mu jù. Ó fúyẹ́, ó ń jí ara, kì í sì í fún ẹni tó jókòó tì wá nínú dáńfó ní ẹ̀fọ́rí. Lọ́fíńdà tó kún fún fàńílà tàbí igi oud dára níbi ayẹyẹ alẹ́, ṣùgbọ́n bí ara bá ti gbóná, tí òógùn bẹ̀rẹ̀, ṣe ló máa ń wúwo, tí á sì máa há àwọn tó wà nítòsí ní ọ̀fun.

Ohun tí àwọn ọkùnrin fi ń ṣàròyé nípa lọ́fíńdà ọsàn ni pé kì í pẹ́ lára. Òótọ́ ni, bí Ọlọ́run ṣe dá ọsàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo gbà gbọ́ pé ọ̀pọ̀ owó là ń ná dànù nítorí pé à ń wá èyí tí yóò ta sánsán láti òwúrọ̀ di alẹ́, nígbà tó jẹ́ pé kí a kọ́ bí a ṣe ń lo èyí tí kì í pẹ́ ló yẹ wá. Ọ̀nà rẹ̀ ni mo fẹ́ tọ́ yín sí.

Ìdí tó fi máa ń tètè lọ

Ẹni tó bá ti bó ọsàn rí mọ̀ ọ́n: bí ọ̀bẹ bá ti kan èèpo, omi wẹ́wẹ́ kan á ta jáde, ó lè ta síni lójú, òórùn rẹ̀ á sì gba yàrá kan. Omi wẹ́wẹ́ yẹn ni òróró tí wọ́n fi ń ṣe lọ́fíńdà. Inú èèpo ló wà, kì í ṣe inú omi tí à ń mu, wọ́n sì máa ń fún un jáde láìfi iná sí i. Ohun tó pọ̀ jù nínú òróró èèpo ọsàn mímu ni limonene, ó lé ní ìdá 90 nínú 100. Limonene fúyẹ́ púpọ̀, ó máa ń bá atẹ́gùn lọ kíá, ara tó gbóná sì tún ń lé e sáré. Ìdí nìyí tí òórùn tó kọ́kọ́ dùn mọ́ yín nínú ṣọ́ọ̀bù fi lè rẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 30.

Àwọn tó ń po lọ́fíńdà kò ṣàì mọ̀. Omi olóòórùn ọsàn tí ilé Farina sọ di olókìkí ní ìlú Köln ní Jámánì, ilé tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1709, ni ayé wá ń pè ní kọ̀lóònì, láti inú Cologne, orúkọ tí àwọn Faransé ń pe ìlú náà. Àwọn tó ń lò ó nígbà náà kì í fín ín lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n máa retí alẹ́. Wọ́n máa ń dà á sọ́wọ́, wọ́n á fi ra ara, bó bá lọ wọ́n á tún dà á. Ní 1966, Edmond Roudnitska ṣe Eau Sauvage fún Dior, ó sì fi èròjà kan tí wọ́n ń pè ní hedione sí i. Òórùn òdòdó jasmine fífẹ́lẹ́ ni hedione ní, ó sì jẹ́ kí òórùn lẹ́mọ́ọ̀nù rí ohun dì mú. Nígbà tó di 1988, Pierre Bourdon ṣe Cool Water fún Davidoff, èyí tí dihydromyrcenol pọ̀ nínú rẹ̀, èròjà tó ń rùn bí ọsàn wẹ́wẹ́ àti ọṣẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ aṣọ tán. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń kọ “sport” sí lára lónìí, ọmọ àwọn méjèèjì yìí ni.

Ọsàn tó gba ipò àgbà nínú iṣẹ́ yìí ni bergamot. Ó korò, a kì í bó o jẹ bí ọsàn mímu, èèpo rẹ̀ nìkan ni wọ́n fẹ́. Calabria ní gúúsù ilẹ̀ Ítálì ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá. Ṣùgbọ́n inú mi máa ń dùn láti sọ pé wọ́n ń gbìn ín nítòsí wa pẹ̀lú, ní agbègbè Sassandra ní Côte d'Ivoire.

Lọ́fíńdà ní ìpele mẹ́ta. Ọsàn ló wà lókè. Ewé àti òdòdó ló wà láàárín, bíi lavender àti rosemary. Igi sedar, gbòǹgbò koríko vetiver, musk (òórùn rírọ̀ bí ti awọ ara tó mọ́) àti irú wọn ló wà nísàlẹ̀. Tí ẹ bá ń sanwó, ìsàlẹ̀ yẹn gan-an lẹ ń sanwó rẹ̀, torí òun ló máa kù lára yín nígbà tí ọsàn bá ti lọ.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ibi tí ẹ ó ti lò ó

Pápá ìta yàtọ̀ sí inú jíìmù. Níta, atẹ́gùn ń gbé òórùn lọ, kò sí ẹni tí yóò há lọ́fun. Nínú jíìmù, gbogbo èèyàn ló ń mí gúle-gúle nínú yàrá kan náà, ẹni tó ní ásímà sì lè wà láàárín wọn. Fífín kan péré lábẹ́ aṣọ tó níbẹ̀. Tí jíìmù náà bá kéré, tí fèrèsé rẹ̀ sì wà ní títì, ẹ má fín rárá títí ẹ ó fi ṣe tán.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ka ara páálí

Kò sí òfin tó sọ ohun tí “sport” gbọ́dọ̀ jẹ́. Ilé iṣẹ́ kan lè kọ ọ́ sára ohun tó dùn bí súìtì, kí òmíràn kọ ọ́ sára ohun tó mú bí lẹ́mọ́ọ̀nù. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ náà ra ọjà.

Ohun tí ẹ ó wò ni bí òórùn ṣe pọ̀ tó nínú ọtí tí wọ́n fi pò ó. Nínú àṣà iṣẹ́ yìí, eau de cologne máa ń ní nǹkan bí ìdá 2 sí 5 nínú 100, eau de toilette ní 5 sí 15, eau de parfum ní 15 sí 20. Eau de toilette ni mo máa ń gba àwọn tó ń ṣeré nímọ̀ràn láti rà. Kì í ṣe tìtorí owó. Nígbà tí wọ́n bá sọ lọ́fíńdà ọsàn di eau de parfum, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi kún, ọsàn yẹn á wá rì mọ́ abẹ́ igi àti ohun dídùn.

Ẹ máa rí limonene, citral àti linalool nínú àkọsílẹ̀ èròjà. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ló ní kí wọ́n máa dárúkọ wọn torí pé wọ́n lè mú ara àwọn kan yún. Ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba lọ́fíńdà gbọ́dọ̀ ka ibẹ̀ dáadáa. Ní Nàìjíríà, ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC pẹ̀lú.

Ayédèrú kún ọjà, ẹ jẹ́ kí ojú yín là. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí ìgò gbọ́dọ̀ bá ti ìdí páálí mu. Ẹnu ìgò gbọ́dọ̀ fín bí ìrì, kò gbọdọ̀ máa tú bí omi. Tí ó bá jẹ́ Balógun tàbí Ìdúmọ̀tà lẹ ti fẹ́ rà, ọwọ́ ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹ lè padà lọ bá lọ́la ni kí ẹ ti rà á, ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tó gbé e lọ́wọ́ kiri láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Àwọn Mùsùlùmí tí kì í fẹ́ lọ́fíńdà tí ọtí wà nínú rẹ̀ lè ra olóróró. Òórùn rẹ̀ kì í fò jìnnà, ó máa ń sún mọ́ ara ni, èyí kò sì burú fún ẹni tó wà láàárín èrò. Ẹ fi díẹ̀ kan ẹ̀yìn etí àti àyà, ó ti tó.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ dán an wò lára

Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù láìfi ohunkóhun olóòórùn para. Ẹ kọ́kọ́ fín ín sórí ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fúnni, kí ẹ fi mú mẹ́ta tó wù yín, ẹ má kọjá bẹ́ẹ̀, torí imú á ti rẹ̀. Kò sí ìdí láti máa gbóòórùn kọfí láàárín wọn bí àwọn kan ti ń ṣe. Ẹ gbóòórùn apá aṣọ ara yín, imú á balẹ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ fín èyí tó wù yín jù sí ọrùn ọwọ́, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀. Ẹ má tíì sanwó. Ẹ rìn nínú oòrùn, ẹ gun àtẹ̀gùn, ẹ jẹ́ kí ara gbóná. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ lẹ́yìn ìdajì wákàtí, kí ẹ tún gbóòórùn rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 2. Tí ohun tó kù níbẹ̀ bá mọ́ tónítóní bí igi gbígbẹ tàbí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ lórí okùn, ẹ padà lọ rà á. Tí ó bá ti di ohun dídùn tó ń lẹ̀ mọ́ni, tàbí tó ń rùn bí irin kíkan, ẹ fi sílẹ̀, bó ti wù kí ìgò náà lẹ́wà tó.

Mo lè dárúkọ díẹ̀ tí ẹ lè fi kọ́ imú. 4711 láti Köln ni ọsàn pọ́ńbélé, owó rẹ̀ kò wọ́n púpọ̀, kì í ju wákàtí kan tàbí méjì lọ lára, òun ni mo sì fẹ́ jù fún lẹ́yìn ìwẹ̀. CK One ti 1994 fúyẹ́, ó sì mọ́. Tọkùnrin tobìnrin ni wọ́n ṣe é fún. Allure Homme Sport ti Chanel, ti 2004, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọsàn, ó sì parí sí tonka, èso kan tó ń rùn dídùn bíi fàńílà, àti musk funfun. Ẹni tó ń ti jíìmù lọ sí ọ́fíìsì ló dára fún jù. Versace Man Eau Fraîche ti 2006 rọrùn láti fẹ́ràn. Terre d'Hermès, tí Jean-Claude Ellena ṣe ní 2006, fi ọsàn lé orí vetiver àti òórùn bí òkúta tí oòrùn pa. Òun ló ń pẹ́ jù nínú gbogbo àwọn wọ̀nyí, ṣùgbọ́n mo kà á sí ti àgbàlagbà ju ti orí pápá lọ. Eau Sauvage sì wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ “sport” sára rẹ̀, síbẹ̀ ó bá eré mu ju ọ̀pọ̀ tí wọ́n kọ ọ́ sí lọ.

Ìgbésẹ̀ 4: Ara ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Òógùn fúnra rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rùn. Èyí tó ń jáde lábíyá ló ní ọ̀rá àti èròjà mìíràn nínú, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó wà lára á wá jẹ ẹ́, ohun tí wọ́n sì sọ ọ́ dà ló ń rùn. Lọ́fíńdà kì í pa òórùn yẹn. Ṣe ló máa ń gùn ún lẹ́yìn, méjèèjì á jọ máa rìn, ohun tó bá tibẹ̀ jáde á sì burú ju òógùn lásán lọ. Ẹni tó ti wọ ọkọ̀ pẹ̀lú ẹni tó fín lọ́fíńdà lé òógùn lórí mọ ohun tí mo ń sọ.

Nítorí náà, ọṣẹ àti kàìnkàìn ni àkọ́kọ́. Ẹ fọ abíyá, àyà, ẹ̀yìn ọrùn àti itan dáadáa, kí ẹ sì nu ara gbẹ pátápátá. Ẹni tí irun abíyá rẹ̀ pọ̀ lè gé e kúrú, torí òógùn máa ń dúró sínú rẹ̀.

Ohun tí à ń fi sábíyá pín sí méjì. Irú kan ń dẹ́kun òógùn, aluminium ló wà nínú rẹ̀. Irú kejì kàn ń bá òórùn jà ni. Èyí tó ń dẹ́kun òógùn máa ń ṣiṣẹ́ jù tí a bá fi sí abíyá gbígbẹ lálẹ́ kí a tó sùn, nítorí òógùn kì í pọ̀ lóru, ó sì máa ń ráyè wọ ihò ara. Ọ̀pọ̀ ló ń fi í pa abíyá láàárọ̀ bí wọ́n ṣe ń sáré jáde, òógùn á sì fọ̀ ọ́ dànù kó tó ṣe ohunkóhun. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ ra èyí tí kò ní òórùn, kí ó má baà bá lọ́fíńdà yín jà. Álọ́ọ̀mù tí àwọn onígbàjámọ̀ ń lò náà dára: ẹ rẹ ẹ́ sómi, ẹ fi ra abíyá, kò ní òórùn kankan.

Mo bẹ̀ yín lórí ọsàn wẹ́wẹ́. Àwọn kan máa ń là á sí méjì kí wọ́n fi ra abíyá. Kíkan rẹ̀ lè dín àwọn kòkòrò yẹn kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń ta abíyá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, ewu mìíràn sì wà níbẹ̀. Inú èèpo àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ ní èròjà kan, furanocoumarin, tó jẹ́ pé bí oòrùn bá ràn án lára, ó máa ń jó awọ. Ẹni tó fi ọwọ́ tó kan ọsàn wẹ́wẹ́ kan ọrùn, tó sì lọ sáré nínú oòrùn, lè rí i lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì pé ibẹ̀ pọ́n, ó lé ròrò, tí àpá dúdú á sì wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù. Bergamot náà ní irú rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ tó mọṣẹ́ máa ń yọ ọ́ kúrò tàbí kí wọ́n dín in kù kí wọ́n tó fi ṣe lọ́fíńdà. Nítorí náà ẹ má ra òróró èèpo ọsàn lásán kí ẹ máa fi para jáde sínú oòrùn, bó ti wù kí ẹni tó ń tà á máa pè é ní ohun àdánidá tó.

Bí ara bá ti gbẹ, ẹ fi ìpara tí kò ní òórùn pa ibi tí ẹ ó fín lọ́fíńdà sí. Fasilíìnì lásán dára. Òrí dára fún awọ, àmọ́ ó ní òórùn tirẹ̀, kò sì bá ọsàn rẹ́. Ara tó gbẹ kì í mú òórùn dúró, ẹ ó sì rí i kedere nígbà ọyẹ́.

Ìgbésẹ̀ 5: Bí a ṣe ń fín ín

Kí ẹ tó lọ ṣeré: ẹyọ kan sí àyà, lábẹ́ aṣọ. Ó pin síbẹ̀. Bí ara bá ṣe ń gbóná ni yóò máa gòkè díẹ̀díẹ̀ bọ̀ wá sí imú yín.

Lẹ́yìn ìwẹ̀, nígbà tí ẹ bá ń lọ síbi iṣẹ́ tàbí òde: mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ọ̀kan sí àyà, ọ̀kan sí ẹ̀yìn ọrùn, ọ̀kan sí inú ìgúnpá. Ẹ jẹ́ kí ìgò jìnnà sí ara tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ẹ má fi ọrùn ọwọ́ kan ra èkejì. Gbígbóná tí ìyẹn ń mú wá máa ń lé ọsàn lọ kíákíá, bẹ́ẹ̀ òun gan-an lẹ sanwó fún.

Ẹ má fín in sí abíyá, ẹ má fín in sójú abẹ́, ẹ má sì fín in sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Ọtí inú rẹ̀ máa ń ta gan-an, ó sì máa ń dá kún wàhálà ẹni tí ojú rẹ̀ máa ń sú lẹ́yìn tó bá fá irùngbọ̀n. Tí ẹ bá fín in tán, ẹ má tan sítóòfù lójú ẹsẹ̀. Ọtí náà máa ń gbiná.

Ìgbésẹ̀ 6: Lẹ́yìn eré

Ẹ má sáré wọ ilé ìwẹ̀ bí eré bá ti parí. Ara ṣì gbóná, ẹ ó wẹ̀ tán, òógùn á tún bẹ̀rẹ̀, lọ́fíńdà tí ẹ bá fín lé e á bá a lọ. Ẹ rìn, ẹ na ẹsẹ̀, ẹ mu omi fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí ẹ tó wẹ̀. Ẹ tún dúró lẹ́yìn ìwẹ̀ kí ara tutù pátápátá kí ẹ tó fín ohunkóhun.

Níbi tí kò bá sí omi ìwẹ̀, bíi orí pápá àdúgbò, ẹ gbé aṣọ ìnura kékeré kan àti omi ìgò kan dání. Ẹ rẹ aṣọ náà, ẹ fi nu abíyá, ọrùn àti àyà, ẹ pààrọ̀ aṣọ, lẹ́yìn náà ni kí ẹ fín ẹyọ kan. Jẹ́sì tó ti rẹ sómi òógùn kò ṣe é fín nǹkan sí.

Ẹ wá ìgò kékeré tó ń fín, ti milílítà 5 tàbí 10, kí ẹ rọ díẹ̀ sínú rẹ̀ láti inú ìgò ńlá, kó máa wà nínú báàgì. Lẹ́yìn wákàtí 3 tàbí 4, ẹ tún fín ẹyọ kan. Bí àwọn ará Köln ṣe ń lò ó nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì tíì sí ọ̀nà tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ 7: Jẹ́sì

Polyester tí wọ́n fi ń rán jẹ́sì máa ń mú òórùn òógùn dúró ju òwú lọ. Ẹ má ká a sínú báàgì di ọjọ́ kejì. Ẹ yọ ọ́, ẹ sá a, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà tí ẹ bá lè fọ̀ ọ́. Èyí tí òórùn ti wọ̀ lára, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tí ẹ da fínígà funfun díẹ̀ sí fún ìdajì wákàtí kí ẹ tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ohun tí a fi ń mú aṣọ rọ̀ kò bá jẹ́sì mu, torí ó máa ń bo okùn aṣọ, òórùn á sì há sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má sì fín lọ́fíńdà ọsàn sí aṣọ funfun. Ó lè fi àbààwọ́n pupa rẹ́súrẹ́sú sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 8: Ìpamọ́

Ìmọ́lẹ̀, ooru àti atẹ́gùn ló ń ba lọ́fíńdà jẹ́, ọsàn ló sì máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ fi ìgò sínú páálí rẹ̀, nínú àpótí aṣọ tàbí dúrọ́ọ̀ tí oòrùn kì í dé. Ẹ má gbé e sójú fèrèsé, ẹ má gbé e sí ilé ìwẹ̀, ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn. Ti agolo tó ń fín léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọkọ̀, torí agolo bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá 50°C, ó lè bú gbàmù.

Tí ẹ kì í bá fín púpọ̀, ìgò milílítà 50 sàn ju ti 100 lọ, torí bí ìgò bá ṣe ń ṣófo sí i ni atẹ́gùn inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ẹ máa gbóòórùn rẹ̀ lóòrèkóòrè. Tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bá ti ń rùn bí ọ̀dà tàbí bí òróró tó ti pẹ́ nílẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ti ṣú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ti bàjẹ́. Ẹ má fín in sára mọ́, kódà bí ó bá ṣì kù dé àárín ìgò: limonene tó ti bá atẹ́gùn pọ̀ fún ìgbà pípẹ́ máa ń mú ara yún, ẹni tí ara rẹ̀ bá sì ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lè má lè lo lọ́fíńdà ọsàn kankan mọ́.